Mo wá koríko rọ́bà dé Odò-Ọwá, táyà ni mo bá pàdé



Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìlọrin, tó kọjá Òmù-Àrán, tó wá forí lé apá Ìlọ́fà, ló máa dé Odò-Ọwá, ìlú Ọlọ́tà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú àgbẹ̀ ni, ó sì dùn ún wò lójú òjò. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, koríko á gbẹ, pápá ìṣeré á di erùpẹ̀ pupa, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù á wá rí bí ẹni fi osùn kunra.

Lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ká rí ẹni tẹ́ koríko rọ́bà fún wa, bíi ti Teslim Balogun ní Sùúrùlérè àti ti Agége l'Ékòó." Mo ní kí n wádìí ẹ̀ dáadáa ná.

Kí ni koríko rọ́bà yìí gan-an? Ike ni wọ́n ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní àwọ̀ ewé. Kí ike náà lè dúró ṣánṣán, wọ́n á da ẹ̀rúnrún dúdú sí i láàárín. Táyà mọ́tò tó ti gbó ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ di ẹ̀rúnrún náà, pápá kan ṣoṣo sì lè gba táyà tó ju 20,000 lọ.

Fọganáísà kan lẹ́bàá títì rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Àbúrò, irú táyà tó kún ẹ̀yìnkùlé mi yìí náà ni? Kí ni wọ́n wá ní ó ń ṣe lára?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ ni ooru. Lọ́dún 2002, yunifásítì Brigham Young ní Amẹ́ríkà wọn ooru ojú pápá tiwọn, ó dé ìwọ̀n 93. Omi tó ń hó kò ju 100 lọ. Ẹ wá ro ti ọmọ tó fẹsẹ̀ lásán lé e lọ́sàn-án gangan!

Èkejì ni kẹ́míkà. Lọ́dún 2008, ìpínlẹ̀ New Jersey bá òjé lára ike àwọn pápá kan tó ti gbó, wọ́n sì ti àwọn pápá náà pa. Lọ́dún 2014, Amy Griffin, kóòṣì bọ́ọ̀lù obìnrin ní ìpínlẹ̀ Washington, pariwo pé jẹjẹrẹ ń mú àwọn agbábọ́ọ̀lù, pàápàá àwọn gólì tó ń ṣubú yíràá nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà wádìí ẹ̀, wọ́n sì sọ lọ́dún 2017 pé iye àwọn tó ṣàìsàn kò ju bó ṣe yẹ kó rí lọ. Lọ́dún 2023, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin pé títa ẹ̀rúnrún náà gbọ́dọ̀ dópin lọ́dún 2031, torí ó ń ba ilẹ̀ àti odò jẹ́. Lọ́dún 2024, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ní kẹ́míkà wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọ ara èèyàn jọ pé kò pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ló máa ní jẹjẹrẹ, irọ́ ló pa.

Ibi tọ́rọ̀ ti kàn wá nìyí. Táyà tí wọ́n ń jiyàn lé lórí l'Ókè Òkun, àwa ń sun ún níná níbí! Ọ̀pọ̀ alápatà nílẹ̀ wa ló ń fi táyà jó irun ẹran àti pọ̀nmọ́. Táyà tó ń jóná sì burú ju èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ: kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ á bá èéfín jáde, á wọ imú ẹni tó ń jó o, á sì lẹ̀ mọ́ ẹran. NAFDAC ti kìlọ̀ títí.

Ìyá kan tó ń ta pọ̀nmọ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, igi wọ́n, gáàsì wọ́n jùgi lọ, kí la ó wá fi jó o?" Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ni ìyá sọ. Omi gbígbóná àti abẹ lè fá irun kúrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni, owó ẹ̀ á sì gorí ọjà. Kò yẹ kí alápatà nìkan ru ẹrù yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbowó ọjà ló yẹ kó pèsè ibi tí wọ́n á ti máa fi gáàsì jó ẹran.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko rọ́bà nígboro, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó débẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kó wọ bàtà, kó má jẹun níbẹ̀, kó fọ ọgbẹ́ rẹ̀, kó sì wẹ̀ tó bá délé.

Ní ti Odò-Ọwá, ilẹ̀ tó ń hu iṣu á hu koríko. Ẹ gbin bàhámà nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, ẹ sọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́, ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Alápatà tó bá ti jáwọ́ nínú táyà, kí ló fi rọ́pò? Ẹ kọ̀wé sí wa o, ojú ewé lẹ́tà ń dúró dè yín.