Àkàtàǹpó àti Èjìká Ọdẹ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àkàtàǹpó kò tó ìjà jà, ṣùgbọ́n ta ní tó mú igi wá kò ó lójú? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbọ́ òwe yìí lónìí ni ó rò pé rọ́bà tí àwọn ọmọdé so mọ́ igi ẹlẹ́ka méjì, tí wọ́n fi ń ta òkúta sí ẹyẹ, ni òwe náà ń bá wí. Lóòótọ́, ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn nísinsìnyí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́, àkàtàǹpó ni ọrun tí a gbé dábùú orí igi, tí ọsán rẹ̀ ń há sí ojú kòtò kékeré kan títí ọdẹ yóò fi tú u sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọrun àti àkàtàǹpó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ara rẹ̀ le. Lójú ọdẹ tí èjìká rẹ̀ ti yẹ̀ rí, ìyàtọ̀ náà ni yóò sọ bóyá yóò padà sínú igbó tàbí yóò fi apó rẹ̀ kọ́ ara ògiri.

Nínú gbogbo oríkèé ara ènìyàn, kò sí èyí tí ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún tó ti èjìká. Orí egungun apá rí roboto, ibi tí ó sì jókòó sí kò jìn. Iṣan mẹ́rin ni ó yí i ká, àwọn ni ó dì í mú kí ó má baà yọ. Òmìnira tí a fi ń na ọwọ́ sókè ká èso yìí kan náà ni ó sọ èjìká di ibi tí ó rọrùn láti yẹ̀. Bí ọdẹ bá já bọ́ láti orí ẹ̀gùn, tí ó fi ọwọ́ gúnlẹ̀, oríkèé náà lè yẹ̀, iṣan sì lè fà ya. Bí ó bá ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pàápàá lára ọ̀dọ́, kì í ṣòro fún un láti tún yẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọfà yóò fi ọwọ́ kan ti igi ọrun síwájú, yóò fi ọwọ́ kejì fa ọsán sẹ́yìn. Fífà nìkan kọ́ ni ìṣòro, dídúró lórí ohun tí a fà gan-an ni. Ẹran lè fara pamọ́ sẹ́yìn ewé, ọdẹ yóò sì di ọsán mú títí yóò fi yọjú. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, èjìká ni ó ń san owó ìdúró. Ìbọn ṣakabùlà kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ó bá ti dún, ìdí rẹ̀ a ta èjìká nípàá.

Ohun tí àkàtàǹpó ṣe ni pé ó gba ìdúró yẹn lọ́wọ́ ara, ó gbé e lé igi lọ́wọ́. Kò mú agbára kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà o. Ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ fa ọsán náà há. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lè tẹ ọrun mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì jọ fà á, kí ẹ̀yìn àti itan gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kí ẹran tó dé. Ti òde òní tilẹ̀ ní okùn tàbí ẹ̀rọ yíyí tí ó ń dín agbára tí a ó lò kù. Nígbà tí ẹran bá yọjú, ìka kan ti tó. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn tí apá wọn ní àléébù ni òfin kọ́kọ́ gbà láyè láti lo àkàtàǹpó ní àsìkò ọdẹ ọlọ́fà, kí wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ọdẹ. Ní Bìrìtìkó ẹ̀wẹ̀, òfin ọdún 1981 ka pípa ẹran ìgbẹ́ pẹ̀lú ọrun tàbí àkàtàǹpó léèwọ̀.

Ohun èlò yìí kì í ṣe àjèjì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1909, Henry Balfour, alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pitt Rivers ní Oxford, kọ àpilẹ̀kọ lórí orísun rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn atukọ̀ láti Yúróòpù ni ó ti dé etíkun wa. Àwọn Fang ní Gabon àti Cameroon la igi rẹ̀ sí méjì, wọ́n fi èèkàn kékeré ti ọsán jáde nínú kòtò, wọ́n sì ń ta ọfà tín-ínrín olóró. Bí ó bá jẹ́ yíyá ni Yorùbá yá a, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n sì fi pòwe. Kò sí ìtìjú nínú ohun èlò tí ẹni tí ó nílò rẹ̀ yá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọdẹ bẹ́ẹ̀ ní Ìbà, ní ilẹ̀ Àwórì. Wọ́n ti lè bá a to èjìká rẹ̀ ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn egungun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Àkàtàǹpó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igbó ńkọ́? Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983. Ọjà Àlàbá ń hó, ilé kún ẹ̀bá títì Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣe ètò pé kí ó dé Òkókómáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọdún 2023. Àwọn ẹran tí ó sì kù lórílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe pípa lófò: òfin ọdún 1985 ń dáàbò bo akíka àti àwọn mìíràn tí ó fẹ́ run. Àìpariwo àkàtàǹpó kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òfin yìí.

Èjìká kan ṣoṣo kọ́ ni ó yẹ̀, àyíká náà ti yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kí ni yóò wá kù tí a ó fi máa pè é ní ọdẹ?

Èdè Yorùbá ti dáhùn kí a tó béèrè. Ẹni tí ó ń ṣọ́ àdúgbò lóru ní Èkó, ọlọ́dẹ ni wọ́n ń pè é, bí kò tilẹ̀ pa ẹran rí. Ohun tí wọ́n rí nínú iṣẹ́ ọdẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ni àìsùn, etí tí ó ń gbọ́ ìró ewé, ẹsẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ìwọ̀ oòrùn dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ìmọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ.

Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsílì, àmì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ tí wọ́n so mọ́ Kétu, ni ọrun onírin kékeré tí wọ́n rọ mọ́ ọfà rẹ̀. Ofá ni wọ́n ń pè é. Kò sí èjìká tí ó lè fa ọrun yẹn, kò sì sí ẹran tí ó lè pa. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ nígbà ijó, ọdẹ ni gbogbo ilé ń kí i.