Ọtí Tí Ẹ Fẹ́ Fi Ránṣẹ́ sí Ọmọ: Ẹ Ka Èyí Kí Ẹ Tó Gbé Kẹ́ẹ̀gì Lọ sí Gáréèjì

Ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi ní Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti gbogbo agbègbè wa. Nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀tẹ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹni tí ojú ń dùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan kà á sí yín létí.

Ọ̀rọ̀ ọtí tí a pọn nílé tàbí tí a dá lóko ni, èyí tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ẹ wo búùtù mọ́tò tó ń lọ sí Ìlọrin, Ìbàdàn, Èkó àti Abuja. Ẹ óò rí kẹ́ẹ̀gì ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n rọ sínú ìgò ike, àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Àṣà náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1907 tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo, tó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, ni ẹrù ilé ti ń tẹ̀lé ọmọ lọ sí ẹ̀yìn odi. Ọmọ tó bá tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá rẹ̀ wò ní Èkó, ara rẹ̀ á balẹ̀ bí ẹni tó wà nílé. Ìfẹ́ ni, mi ò sì wá bá ìfẹ́ jà.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: *ọtí tí ẹ tọ́ wò nílé kọ́ ni ọtí tí wọn yóò mu lọ́hùn-ún, ẹni tí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí kọ́ ni ẹnì kan ṣoṣo tí yóò mu ún.* Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

*1. Ọtí kì í sùn lójú ọ̀nà*

Nínú ẹmu àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín kan wà tí ojú kò lè rí, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú. Ṣúgà ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, ohun méjì ni wọ́n ń yọ jáde: èyí tó ń pa èèyàn bí ọtí, àti afẹ́fẹ́ tó ń mú kó hó. Ìdí nìyẹn tí ẹmu ìdájí fi ń dùn bí omi ṣúgà, tí ti ìrọ̀lẹ́ fi ń gun èèyàn lórí, tí èyí tó bá di ọ̀túnla á sì ti kan. Wọn kì í sinmi nítorí pé ẹ ti gbé kẹ́ẹ̀gì sínú mọ́tò. Ooru inú búùtù tún ń mú kí wọ́n yára sí i.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ewé ni adẹ́mu fi ń dí ẹnu akèrègbè, kì í dí i pa. Afẹ́fẹ́ á máa gba àárín ewé jáde. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì òde òní kò fún un láyè. Á wú títí, á bẹ́ sínú mọ́tò, tàbí kó dúró de ẹni tó máa ṣí i kó tó fò lu ojú onítọ̀hún. Ìgò onídígí ló burú jù, nítorí àfọ́kù rẹ̀ lè fọ́ èèyàn lójú.

Ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́ Asalátù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Kúnnú àti sóbò tí ẹ fi ṣúgà sí, tí ẹ dé pa, tó wá wà nínú ooru fún ọjọ́ méjì, irú iṣẹ́ yìí kan náà ló ń lọ nínú wọn. Ohun tí ẹ ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun mímu lásán lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ pẹ̀lú ọtí nínú.

*2. Ọkà tó ti bàjẹ́, ọtí rẹ̀ náà ti bàjẹ́*

Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Chitima ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, àwọn èèyàn péjọ síbi ìsìnkú. Wọ́n mu ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo pọn, irú èyí tó jọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa. Èèyàn 75 ló kú. Obìnrin tó pọn ọtí náà wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dà rú. Àwọn kan ní ẹnì kan ló fi òróòro ọ̀nì sí i. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, kì í ṣe ọ̀tá ló ṣe é. Omi ìkún ti ba ìyẹ̀fun náà jẹ́, àwọn kòkòrò àìsàn sì ti sọ májèlé kan sínú rẹ̀ tí sísè kò lè pa.

Ẹ̀yin apọntí, ẹ jọ̀wọ́, àgbàdo tàbí ọkà bàbà tí omi ti wọ̀, tó ti bu, tó ní àwọ̀ dúdú, àwọ̀ ewé tàbí òórùn àìdáa, ẹ má sọ pé “ọtí ṣáà ni, iná á pa á.” Iná kì í pa gbogbo májèlé. Ẹ dà á nù. Ẹ má sì gbé e fún adìyẹ, nítorí ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ adìyẹ ọ̀hún.

*3. Ògógóró tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀*

Mòsáńbíìkì jìnnà, ṣùgbọ́n Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò jìnnà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015 kan náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú níbẹ̀ lójijì. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ẹ̀mí á sì bọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ju ẹni mẹ́wàá lọ tó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò wá fi hàn pé methanol ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n má ṣe ògógóró mọ́, kí wọ́n má sì tà á mọ́.

Ẹ gbọ́ bí methanol ṣe rí. Ó jọ ọtí gidi. Kò ní àwọ̀, ahọ́n kò lè dá a mọ̀, imú kò lè yà á sọ́tọ̀. Ìwọ̀n ṣíbí tíì méjì tó bá jẹ́ ògidì lè fọ́ èèyàn lójú. Ìwọ̀n ṣíbí mẹ́fà lè pa á. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í tètè hàn: ó lè tó wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún kó tó fojú hàn. Nítorí náà, bí ẹni tó tà á fún yín bá tọ́ ọ wò níwájú yín, kò tíì fi nǹkan kan hàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ògógóró rẹ egbò igi fún ọmọkùnrin yín lókè Èkó, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Egbò yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà á. Ta ló mọ ibi tí ògógóró ti wá? Ọmọ yín kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ni kò ní jẹ́ kó bèèrè ohunkóhun.

*4. Kẹ́ẹ̀gì náà ńkọ́?*

Àgbẹ̀ pọ̀ láàárín wa, kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko sì pọ̀ nílé. Ike máa ń fa oògùn mu sára. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti yanrìn kò lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Paraquat tí NAFDAC fòfin dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín jẹ́. Kẹ́ẹ̀gì oògùn oko, ti kẹrosíìnì, ti epo ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ gbé ohun mímu láéláé.

*5. Ta ló máa mu ún níbẹ̀?*

Nílé, ojú yín wà lára ọtí. Ẹ mọ ẹni tó lóyún, ẹ mọ ẹni tó ń lo oògùn, ẹ sì lè pariwo mọ́ ọmọdé. Tí ọtí bá ti kọjá ẹnubodè Kwara, ojú yín kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìyá kan lọ́dọ̀ wa rọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sínú ìgò mínírà, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Wọ́n gbé e sínú fíríìjì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti ilé ìwé dé pẹ̀lú òùngbẹ. Ó rí ìgò mínírà, ó mu ún. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ fi máa wọlé, ọmọ ti sùn, kò sì jí. Ọtí tètè máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wálẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà kò ṣe ohun tó burú lójú ara rẹ̀. Kò kàn sí ohun kankan lára ìgò náà tó sọ pé ọtí ni.

Àwọn mìíràn tí kò yẹ kí ọtí yín dé ọwọ́ wọn nìyí:

– *Aláboyún.* Kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún oyún. Ẹmu náà wà níbẹ̀.

– *Ìyá ọlọ́mọ.* A gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ẹmu ń mú omi ọmú wá. Ọtí ń gba inú omi ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ohun tó ń mú omi ọmú wá ni kí ọmọ máa mu ọmú léraléra, kí ìyá sì máa jẹun dáadáa, kó máa mu omi.

– *Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà.* Bó bá ti lo oògùn tí kò tíì jẹun, ọtí lè mú kí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á lọ́. Àwọn tó yí i ká á ní ó ti yó, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó sùn. Oorun yẹn lè pa á.

– *Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wárápá, oògùn oorun tàbí Flagyl.* Ọtí àti àwọn oògùn yìí kì í bára wọn ṣe dáadáa.

*6. Kì í ṣe àwa nìkan*

Àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà á sọ fún yín pé láti ọdún 1978 ni ìjọba wọn ti fọwọ́ sí i pé kí àgbàlagbà lè pọn bíà mu nílé ara rẹ̀. Síbẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ gbé ọtí, ì báà jẹ́ ẹ̀bùn, ì báà jẹ́ fún ọmọ ìyá ẹni. Ẹ má fi tiyín sínú àpò ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láìsọ fún un. Ẹrù ẹlẹ́rù ni yóò dà lójú àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀.

*7. Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́ náà*

– Ẹmu kò gbọdọ̀ sùn lójú ọ̀nà. Ọ̀fà, Òṣogbo, Ìlọrin, ibi tó máa dé lọ́jọ́ náà nìkan. Ẹmu Abuja, ẹ jẹ́ kí ọmọ wá mu ún nílé.

– Kẹ́ẹ̀gì tuntun, tàbí èyí tó gbé omi mímu nìkan rí. Ẹ má kún un, ẹ fi bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má dé e pa, kó dúró lóòró, ẹ sì sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ẹmu ni.

– Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: *ỌTÍ NI*, ọjọ́ tí ẹ pọn ọ́ tàbí tí ẹ dá a, àti pé ọmọdé àti aláboyún kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò mínírà.

– Kó tó kúrò nílé, ẹ pe ọmọ. Ẹ bi í pé, “Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ta ló ń lo oògùn?” Tó bá dé, kó rọra ṣí i díẹ̀díẹ̀, kó gbé ojú kúrò lórí rẹ̀.

– Ògógóró àti àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ má fi ránṣẹ́ rárá.

– Bó bá jẹ́ ìyá ọlọ́mọ lẹ fẹ́ kẹ́, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ìrú, ẹja gbígbẹ àti ògì wà. Wọn kì í bẹ́ lójú ọ̀nà.

*8. Àmì ewu*

Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí tí a kò mọ orísun rẹ̀, tí orí wá ń fọ́ ọ, tó ń bì, tí inú ń run ún, tí ojú rẹ̀ ń ṣú bí ẹni pé kùrukùru bò ó, tàbí tó ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ńlá lẹ máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má fún un ní ọtí mìíràn nílé. Bí kò bá jí dáadáa, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ kó má bàa gbé èébì mì. Ẹ gbé ìyókù ọtí náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó mu. Gbogbo àwọn tó jọ mu ún ló gbọdọ̀ lọ, títí kan ẹni tó ní ara òun le. Oògùn wà fún un tí wọ́n bá tètè dé.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, ẹ sì kà á sí àwọn adẹ́mu, àwọn apọntí àti àwọn dẹ́rẹ́bà wa létí, nítorí wọn kì í sábà sí nínú gúrúùpù. Bí ẹ bá sì ti fi kẹ́ẹ̀gì kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé fóònù báyìí, ẹ pe ọmọ náà, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un.