Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Bá Ní Ara Òun Gbóná

Àbúrò mi, fa àga súnmọ́ mi. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ̀yìn ọwọ́ ni ìyá wa kọ́kọ́ máa ń gbé lé e lọ́rùn. Yóò wo ojú rẹ̀, yóò bi í bóyá ó ti jẹun, yóò bi í bóyá inú oòrùn ló ti ń sáré bọ̀, lẹ́yìn gbogbo èyí ni yóò tó sọ pé ibà ni tàbí pé eré ọ̀sán ni. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń sọ fún wa pé ara gbóná, a sì gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Mo ti rí rédíò tó tóbi bí àpótí aṣọ, mo ti rí tẹlifóònù tí a ń yí nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata, wọ́n wá, wọ́n sì lọ. Ohun tí mi ò tíì rí kó lọ ni ìkánjú ọmọ aráyé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà n'Íbàdàn, ọmọ tó mọ̀wé, tó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì ya àwòrán ilé fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan ó gbé áàpù tí ń ka ìgbóná inú ẹ̀rọ sórí kọ̀ǹpútà náà, ló bá rí 127 dígírì Celsius gbàgàdà. Omi tí ń hó kò ju 100 lọ, ó ní ẹ̀rọ òun ti ń jóná nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti tú u palẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti ra fáànù méjì, ó ti ra power supply tuntun, ó ti tò ó padà, ó sì tàn án. 127 ṣì jókòó síbi tó wà. Owó ti lọ, 127 kò lọ. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun ní bàbá nílé.

Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe kí ojú mi tó mọ inú kọ̀ǹpútà, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé ohun tí ń wọn àìsàn, òun náà lè ṣàìsàn. Mo bi í pé, "Ibo ni 127 yìí ti ń sọ̀rọ̀?" Kò mọ̀. Nọ́ńbà bíi mẹ́wàá ló tò sójú áàpù náà, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà; gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo wá là á yé e pé CPU, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ nínú ara rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní sensor, àti pé motherboard, pátákó tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó lé, náà ní ṣípù kékeré kan tí ń gbọ́ ìròyìn láti ojú ọ̀nà bíi mélòó kan. Ẹni tó ṣe motherboard kì í sábà fi ẹ̀ṣọ́ sí gbogbo ojú ọ̀nà náà, nítorí kò nílò gbogbo wọn. Níbi tí ẹ̀ṣọ́ kò sí, tí ṣípù kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ó lè ké nọ́ńbà tó ga jù tí ó lè kà, èyí tí í ṣe 127 lára ọ̀pọ̀ wọn, áàpù a sì gbé e jáde láìbèèrè. CPU fúnra rẹ̀ wà ní 46, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹnu ọ̀nà tí kò sí ẹ̀ṣọ́ ló ń ké "Iná o!" tí ọmọ wa fi ná owó oṣù kan.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹlẹ́rìí pọ̀ tí o lè pè. Pe yàrá: fáànù kò ní atẹ́gùn mìíràn tí ó lè fẹ́ ju ti yàrá lọ, nítorí náà bí yàrá bá wà ní 32, tí kọ̀ǹpútà aláfáànù sì ní CPU òun wà ní 19, irọ́ ló ń pa. Pe iṣẹ́: gbé iṣẹ́ tó wúwo lé e, nọ́ńbà tòótọ́ yóò gòkè kíá, yóò sì sọ̀kalẹ̀ bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, èyí tí kò mira lójú ayọ̀, tí kò mira lójú ìbànújẹ́, kì í ṣe alààyè. Pe áàpù mìíràn, wo ojú ewé BIOS, ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà dìde. Wo ìwà ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, nítorí CPU tí ooru ń pa lóòótọ́ yóò kọ́kọ́ dẹ ẹsẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, bí kò bá sì rí ìrọ̀rùn, yóò pa ara rẹ̀ kú kó má baà jó. Má sì gbàgbé láti wo irú dígírì tí wọ́n fi ń kà á fún ọ: 122 ti Fahrenheit kò ju 50 ti Celsius lọ, ó sì ti kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn ńlá.

Ṣùgbọ́n gbọ́ apá kejì, nítorí ọmọ aráyé kì í ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹnìkan gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, ó ti gbọ́ pé nọ́ńbà máa ń purọ́, inú rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí CPU rẹ̀ ṣe ń ka 97. Ẹ̀rọ ń fàsẹ́yìn, ẹ̀rọ ń kú lójijì, ó ní irọ́ ni. Bí mo ṣe gbé iṣẹ́ lé e báyìí, ìgbóná fò láti 45 dé 95 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Mo pa á, mo yọ wáyà rẹ̀ lára iná, mo fọwọ́ kan irin eléyín tó yẹ kó máa fa ooru náà, irin tutù. Ooru wà, ọ̀nà ni kò rí gbà. Nígbà tí mo tú irin náà, ọ̀rá tí wọ́n fi bo ìdí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó tò ó kò ṣí i. Ẹni tó gba gbogbo nọ́ńbà gbọ́ àti ẹni tí kò gba ọ̀kankan gbọ́, ìyá kan náà ló bí wọn; àwọn méjèèjì ni kò fẹ́ ṣe wàhálà àtibèèrè.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ gan-an ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú nọ́ńbà. Lọ́dún 2017, AMD, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe CPU, ṣàlàyé pé CPU Ryzen 7 1700X àti 1800X wọn ń sọ ìgbóná tó fi 20 dígírì ju ti òótọ́ lọ, kí òfin fáànù kan náà lè bá gbogbo ẹbí náà mu; ẹni tó rí 58, 38 ló rí. Ẹ̀ṣọ́ inú CPU Intel, láti ibi tí ooru ti di ewu, tí ó sábà máa ń jẹ́ 100, ló ti ń ka ìṣirò rẹ̀ bọ̀ wá sẹ́yìn. Bó bá súnmọ́ ewu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe é gbára lé, bí ara bá tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa ṣe ségesège. Anders Celsius fúnra rẹ̀, ní Swídìn lọ́dún 1742, òdo ló fi ṣe ìwọ̀n omi tó ń hó, ó fi 100 ṣe ti yìnyín. Àwọn tó kù ló yí i padà. Nọ́ńbà kì í já bọ́ láti ọ̀run, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ni, ó sì yẹ kí o mọ ẹni náà àti ibi tó dúró sí kí o tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún pè mí. Ó ní CPU ka 88, pé òun ti wo yàrá, òun ti gbé iṣẹ́ lé e, òun ti fi áàpù mìíràn wò ó, ẹnu gbogbo wọn sì kò. Mo ní, "Kí lo wá ṣe?" Ó ní òun ṣí i, òun bá eruku tó ti dí gbogbo eyín irin náà pa, òun fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n dànù, ó ti wà ní 61 báyìí, àti pé kì í ṣe ìrànlọ́wọ́ lòun tìtorí rẹ̀ pè, òun kàn ní kí òun kí mi ni.