Ọpẹ́ àti Ìkìlọ̀ Lórí Àìsàn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nínú ẹgbẹ́ ní Lọ́kọ́jà, ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ pé ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún 7, ti padà sílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá dúpẹ́ tí a kò sọ bí ọ̀ràn ti rí, ọpẹ́ wa kò pé.

Orí ni ó kọ́kọ́ ń fọ́ ọ láràárọ̀, a sì máa bì kí ó tó jẹun. A ní ibà ni. Nígbà tí ó ń ta gbọ̀ngbọ́n bí ó bá ń rìn, a ní ojú ni. Oṣù méjì gbáko ni a fi tan ara wa jẹ, kí wọ́n tó ya àwòrán orí rẹ̀ tí wọ́n rí kókó ní ẹ̀yìn ọpọlọ. Owó tí ẹ dá ni a fi gbé e dé UCH ní Ìbàdàn, níbi tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odéku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962.

Àbúrò wa kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti kọ̀wé nípa oògùn tuntun, dordaviprone, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. A bẹ dókítà pé òun ni kí ó fún ọmọ wa, kí ó má ṣe fi abẹ kàn án. Ó fi sùúrù là wá lóye: a kì í fi oògùn oró àkeekèé wo oró ejò. Kókó àárín ọpọlọ tí ó ní àbùkù kan, H3 K27M, ni oògùn yẹn ń bá jà. Bí a kò bá gé díẹ̀ nínú kókó yẹ̀ wò, ta ni yóò mọ èyí tí ó bá a mu?

Ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n a gbà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: jẹjẹrẹ tí à ń pè ní medulloblastoma ni, oògùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù kì í ṣe tirẹ̀. Ìtànṣán àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀ tán, a sì ń padà lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Oṣù méjì yẹn ṣì ń dùn wá. Ẹ jọ̀wọ́, bí orí bá ń fọ́ ọmọ yín láràárọ̀, tí ó ń bì, tí ìrìn rẹ̀ sì yí padà, ẹ tètè gbé e lọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọmọ sunkún.

Àwa òbí ọmọ náà.