Odò Kékeré Tí Ó Pààlà fún Ṣábẹ̀ẹ́

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn aṣojú Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Wọ́n ní kí ààlà mú ẹnu odò Àjàrà lẹ́bàá Àjàṣẹ́, kí ó sì gba ibẹ̀ lọ tààrà sí àríwá. Kò sí ẹni tí ó bi Oníṣábẹ̀ẹ́ léèrè. Odò kékeré kan, tí ó jìnnà réré sí ààfin, ni ó pinnu pé èdè Faransé ni ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yóò fi kàwé, tí ìbátan rẹ̀ ní Ṣakí yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Bí ó bá ṣe pé ìwọ̀ oòrùn díẹ̀ sí i ni odò náà ti ṣàn wọ ọ̀sà, Nàìjíríà ni Ṣábẹ̀ẹ́ ìbá wà lónìí.

Ẹ má gbàgbé ìgbà náà. Dàhọ̀mì ti pa Kétu run ní 1886. Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú mọ ohun tí sísá gun orí àpáta jẹ́. Ní oṣù kẹta 1892, àwọn ọmọ ogun Béhanzin yìnbọn sí ọkọ̀ ojú omi Topaze, èyí tí Victor Ballot, aṣojú Faransé, wà nínú rẹ̀. Ogun dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Faransé wọ Àgbómẹ̀. Kì í ṣe nítorí Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n ṣe jà, àmọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ sinmi. Ọwọ́ tí ó gé ìdílé sí méjì náà ni ó mú ọ̀tá kúrò: èwo ni kí àgbà ìlú dúpẹ́ sí nínú rẹ̀?

Lónìí, ẹni tí ó ń lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní òdìkejì odò Ọpara ń mú ìwé ìdánimọ̀ dání.