Ìka Tí Kò Jẹ́wọ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nínú ìsinmi tó kọjá, ìka mi kan ṣoṣo ló pa íntánẹ́ẹ̀tì ilé kọ̀ǹpútà kan ní Òmù-Àrán fún wákàtí méjì gbáko.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń ṣiṣẹ́ okùn fáíbà káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà. Nígbà tó gbọ́ pé mo ti délé, ó ní kí n wá máa bá òun gbé àkàbà. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n Yorùbá, wá wo iṣẹ́ tí kò lówe nínú." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, màá bá yín wá òwe ẹ̀ kàn."

Wáyà lásán ni mo pè é tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe wáyà o, dígí ni. Iná mànàmáná kọ́ ló ń gba inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni. Charles Kao àti George Hockham ló kọ ọ́ ní 1966 pé bí dígí bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ rìn jìnnà. Ní 2009 ni wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel. Irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ó fẹ̀ tó 0.125 mìlímítà péré, àárín rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kò sì ju nǹkan bíi 0.009 mìlímítà lọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ so okùn méjì pọ̀, wọ́n á bó awọ rẹ̀, wọ́n á fi sípíríìtì nù ún, wọ́n á gé ẹnu rẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ̀rọ kékeré kan á wá fi iná yọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀. Inú ike ni àfọ́kù dígí ń lọ, nítorí bó bá wọ ẹran ara, àtirí i yọ di ogun. A kì í jẹun níbẹ̀. A kì í ká okùn náà pọ̀ jù, kí ìmọ́lẹ̀ má baà jò jáde. Ẹ̀gbọ́n mi tún kìlọ̀ pé, "Má yọjú wo ẹnu okùn tó ń ṣiṣẹ́. Ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́."

Ọjọ́ kejì la lọ sí ilé kọ̀ǹpútà náà láti pààrọ̀ switch wọn. Àwọn ọmọ tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ti kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níta, ó ní kí n ki patch cord tuntun bọ switch náà. Mo ṣí ìdérí ẹnu rẹ̀, mo rí i bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀, mo bá fi ìka nù ún, bí a ti ń nu awò ojú. Dòdò ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Mo kì í bọ̀ ọ́, ó dún kó. Iná kò tàn.

Mo dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó yí ẹsẹ̀ okùn méjèèjì padà, bóyá èyí tó ń sọ ló dojú kọ èyí tó ń sọ. Rárá. Ó jáde lọ gun òpó. Ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá lórí ọ̀kadà láti Èsìẹ́ ń bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé á ṣì bọ́ sí i lónìí?" Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, mà."

Ẹ mọ ìtàn pé àdá tí wọ́n ń pè ní Ogbó ló mọ ọ̀nà fún àwọn baba ńlá wa, pé ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní Ogbó tirẹ̀: ẹ̀rọ kan tó ń rán ìmọ́lẹ̀ wọ inú okùn, tó sì ń fi èyí tó padà wá sọ iye mítà tó wà dé ibi tó ti já. Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní Nàìjíríà àti láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ṣì rí ibi tí wọ́n ti já. Ṣùgbọ́n Ogbó ẹ̀gbọ́n mi ní okùn ìta kò já níbì kankan. Patch cord nìkan ni kò fura sí, torí pé tuntun ni.

Ìgbà tó yá, ó yọ ọ́, ó fi awò kékeré wò ó. Ọ̀rá ìka ti bo ojú dígí náà.

"Ta ló fọwọ́ kan èyí?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó nù ún bó ṣe yẹ, ó kì í padà. Iná tàn wàì. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní, "Ìṣẹ́jú kan ni nínù rẹ̀. Ẹnu rẹ ló gba wákàtí méjì."

Ọmọ ìyá Èsìẹ́ rí orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú sì tì mí ju kó bú mi lọ.

Bí a ṣe ń padà sílé, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti rí òwe tí mo ní màá wá kàn: ẹnu okùn là ń dé, a kì í dé ẹnu ẹni tó ṣàṣìṣe. Ó ní kí n lọ kọ ọ́ síbì kan. Òun ni mo kọ yìí.