Bí Mo Ti Mọ Àdúgbò Mi ní Peckham



Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé mi nígbà tí mo ṣí lọ sí Peckham, ní ìhà gúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Níwọ̀n bí àwọn kan nínú wa ti ń múra àtilọ sí òkè òkun, mo rò pé kò ní ṣàìwúlò bí mo bá sọ bí mo ti mọ àdúgbò náà.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ẹsẹ̀ ni a fi í mọ ìlú. Bọ́ọ̀sì a máa gbé ènìyàn kọjá kíákíá, ṣùgbọ́n ohun tí a rí láti ojú fèrèsé rẹ̀ kì í pẹ́ lọ́kàn. Nítorí náà, ní ọjọ́ Sátidé gbogbo, èmi a fi ẹsẹ̀ rìn. Mo kíyèsí i pé ní ọ̀pọ̀ òpópó, ilé 1, 3 àti 5 wà ní apá kan, 2, 4 àti 6 sì wà ní apá kejì. Mo rìn dé ọgbà ìgbafẹ́ Peckham Rye, tí a ṣí ní 1894. Mo sì gòkè lọ sí ilé ìkàwé tí a ṣí ní 2000, èyí tí apá òkè rẹ̀ yọ síta lórí àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dagun. Ọ̀fẹ́ ni a ń yá ìwé níbẹ̀.

Ní òpópó Rye Lane, mo rí iṣu, gàrí, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ lórí àtẹ, mo sì fi èdè Yorùbá ná ọjà. Inú mi dùn púpọ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìbẹ̀rù kan a máa dà mí láàmú, pé bí mo bá ṣàìsàn nínú iyàrá mi, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo mọ iye tí a ń ta iṣu, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo wà láàrin èmi àti òun.

Ìyá àgbà kan, ará Jàmáíkà, ni. Ní ìlú náà, ènìyàn méjì lè pàdé ní ẹnu ọ̀nà láìkí ara wọn. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ mi nílé pé ọmọdé ni í kọ́kọ́ kí àgbà, nítorí náà mo ń kí i ní òròòwúrọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, orí ni ó ń mì sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bèèrè orúkọ mi, ó sì ń pè é léraléra títí ó fi tọ̀nà ní ẹnu rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, tí oòrùn ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ọjọ́ méjì kọjá tí n kò rí i. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ikọ́ ti dá a dùbúlẹ̀, kò sì sí oúnjẹ nílé. Mo ra búrẹ́dì, wàrà àti ọsàn wá, mo sì bá a fi tẹlifóònù pe dókítà. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wí fún mi pé, “Bí èmi náà kò bá rí ọ, èmi yóò wá ọ.”

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù òru mi ti dínkù. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣí lọ sí ìlú òkèèrè, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó wá ilé ìkàwé rí, kí ó sì ra gàrí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe ìwọ̀nyí, kí ó kí ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀.